Ìwé tí Kam Yuk-lin Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí

Wọ́n ń sọ ládùúgbò wa ní Sham Shui Po pé Kam Yuk-lin ò fọwọ́ síwèé nítorí pé kò mọ̀wé. Irọ́ ni. Yuk-lin ka ìwé mẹ́fà bíi tèmi. Ó ka ìwé ọ̀hún láti òkè délẹ̀, kíkà tó kà á gan-an ló jẹ́ kó kọ̀.

Ọdún mọ́kànlá ló fi fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan. Lọ́jọ́ kan, inú bí Mok ọ̀gá rẹ̀ pé abọ́ ò tètè jáde, ló bá fẹsẹ̀ gbá garawa omi gbígbóná lù ú. Ẹsẹ̀ Yuk-lin bó bí ẹsẹ̀ adìẹ inú ìkòkò.

Ó lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Akọ̀wé ọ̀dọ́ kan ní kí màmá máa wí, òun á máa kọ. Yuk-lin sọ ọ́ bó ṣe rí, tòun ti èébú tí Mok bú u. Àmọ́ nígbà tí akọ̀wé gbé e fún un, tí Yuk-lin kà á, ó ti di èdè ìwé, èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè fi pe ọmọ ẹ̀ wá jẹun: "Garawa dànù lẹ́nu iṣẹ́; olùpẹ̀jọ́ sì fara pa lẹ́sẹ̀." Orúkọ Mok ti pòórá nínú ẹ̀.

"Ọmọ, ta ló dà á nù?"

"Màmá, bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọjà kì í wọ ìwé ìjọba."

Ó ní kó yáa fọwọ́ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ náà á sùn síbẹ̀. Yuk-lin gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí ìwé náà dojú bolẹ̀. Nínú ìkọ̀wé wa, àmì kan ni ọ̀rọ̀ kan; àwọn àmì tí wọ́n ya ẹnu kékeré sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sára pátákó ẹlẹ́ja, òun ló fi kọ tiẹ̀: Mok ló gbá garawa. Mok bú mi. Mok tún rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé bi í bóyá ẹlẹ́ja ló ń kọ lẹ́tà sí. Ó ní á kúkú yé ẹlẹ́ja. Ẹ̀yìn ìwé yẹn ló fọwọ́ sí.

Títí dòní ọ́fíìsì náà ò tíì pè é. Mok ti gba ẹlòmíì síṣẹ́. Lánàá mo bá a níbi tó ti ń fi òróró pa ẹsẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí wọ́n bá a tún un kọ lédè ìwé, kó lè rí nǹkan gbà. Ó gbé òróró sílẹ̀.

"Ìwọ náà? Bí mo bá fọwọ́ sí tiwọn, garawa ló jẹ̀bi nìyẹn. Ẹ lọ ti garawa mọ́lé."