Àwọn Tó Ń Dijú Ronú

Ẹ jẹ́ ká kan sáárá sí àwọn àgbà tó ń dijú ronú. Ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ní Sùúrùlérè, gbogbo wa la máa ń dijú fún àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan kì í là á mọ́. Ọ̀rọ̀ gọ́tà á lọ, ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà á lọ, àgbà á máa hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Bí o bá fọwọ́ kàn án, á ní, "Mi ò sùn o. Mò ń ronú ni." Ọpọlọ ńlá! Ìlú tó ní irú àwọn wọ̀nyí, kí ló tún ń wá?

Ìyàwó mi kò ka irú ìrònú yìí sí. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún mi pé bí mo bá ń hanrun, èémí mi a dákẹ́ pátápátá, á tún padà dé tariwo-tariwo bí ẹni tí wọ́n yọ lódò. Mo ní olówó ní í hanrun.

"Owó ọ̀hún dà, Dádì wa?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń gbé ọmọbìnrin wa lọ sí ilé-ìwé ní Yaba. Iná pupa dá wa dúró. Ohun tí mo tún gbọ́ ni igbe ọmọ: "Dádì! Bíréèkì!" Oorun ti gbé mi lọ, ẹsẹ̀ mi ti yọ lórí bíréèkì, mọ́tò sì ń yí lọ. Díẹ̀ ló kù ká forí sọ ọkọ̀ tó wà níwájú.

Ọmọ ròyìn délé. Ìyàwó mi gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. "Ẹ ò ní gbé ọmọ mi mọ́, àfi tí ẹ bá rí dókítà."

Ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà, wọ́n ní kí n wá sùn lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n sì lẹ wáyà mọ́ mi lórí àti láyà. Dókítà náà, obìnrin kan tó kéré sí mi, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà ọ̀fun yín ló ń dí tí ẹ bá ti sùn. Ọpọlọ yín á wá jí yín kí ẹ lè mí. Ẹ kàn ń dùbúlẹ̀ ni, ẹ ò sinmi." Èmi tí mo gboyè ní yunifásítì, mi ò mọ oorun sùn!

Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi nímú látinú ìbòmú. Ọmọ mi ní mo jọ erin. Nítorí iná tí kì í dúró, mo ra bátìrì mọ́tò kan ní ọjà Ládìpọ̀ tó ń gbé e ṣiṣẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, ojú oorun ni mo ti máa ń já ìbòmú náà jù nù. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára. Orí fífọ́ àárọ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi, tó ti ń ṣe agídí sí oògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Mo gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdúró láàárín, mi ò tún sùn sórí oúnjẹ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi tú etí ìró, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Mo ti ń fetí sí yín. Ẹ ń mí dáadáa. Dókítà náà ti ní kò burú. Ẹ gbé ọmọ lọ."

Ní ìpàdé tó kọjá, alága wa ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lójijì, ó dákẹ́. Mo ti wá mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ wakọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ kejì. Mo fọwọ́ kàn án.

"Àbúrò, mi ò sùn o. Mò ń ronú ni."

"Bàbá, bí èmi náà ṣe máa ń sọ nìyẹn. Àṣé oorun ni mò ń sùn."