Àkúdàáyà Tó Wá Dirun

Ọmọ mi obìnrin kì í sùn sílé mọ́. Láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì ní Braamfontein, ní Joburg níbí, ló ti ń gbé lọ́hùn-ún pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, èmi sì wà ní Rosettenville níbí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù irun mi. Ọjọ́ Sátidé tí irun rẹ̀ bá ti gbó nìkan ni mo máa ń rí i. Á wọ takisí wá láàárọ̀, á jókòó sáàárín orúnkún mi, a ó sì máa bá ara wa jà títí irun á fi parí. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ìjà yẹn ju oúnjẹ lọ.

Ìtàn la fi ń jà. Ó ń kọ ìtàn sórí fóònù, irú èyí tí èèyàn á kú, tí á tún ayé wá níbòmíràn, tí á sì lágbára ju gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀ lọ. Àwọn tí kò mọ̀ rí ń kà á, wọ́n ń fèsì sábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ṣe ń ya irun ni á máa ka èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sí mi létí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ ọ́, èmi á sì máa fi Yorùbá bú u.

Nínú èyí tó kọ́kọ́ kà fún mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sọdá títì ní rọ́bọ́ọ̀tì, ìyẹn iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, takisí gbá a, ó kú. Kò pẹ́, ó lajú nílùú kan tí òṣùpá méjì ti ń ràn. Ó ń jagun, ó ń borí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá.

Mo dá òòyà dúró. "Ìwọ ọmọ yìí, àkúdàáyà lo ń kọ!"

"Kí nìyẹn, Mọ́mì?"

Ó ga o! Ó ń kọ nǹkan, kò mọ orúkọ tó ń jẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé kó tó kú lè lọ sílùú òkèèrè, kó níyàwó, kó bímọ, kó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò sóhun tó ń bà á lẹ́rù àfi ẹyọ kan: kí ará ilé òun má lọ rí òun. Ọjọ́ tí ará ilé bá fojú kàn án, ó di àwátì nìyẹn.

Ó ní, "Eish, Mọ́mì, ó jọ gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Joburg."

"Màá fi òòyà yìí là ẹ́ lórí!" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa mí, torí kò parọ́.

Mo gbádùn akọni yẹn gan-an. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti dá mi padà níbi tí mo ti lọ gba ìwé ìgbélùú, tí ọmọ kékeré kan ti jókòó sẹ́yìn gíláàsì tó ń ṣe mí ṣúkaṣùka, tí mo bá wá gbọ́ pé akọni wa fi ìka kan ṣoṣo ti ògiri ọba wó, ara mi á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Màá ní, "Tún un kà." Gbogbo ẹni tí wọ́n ti fojú tẹ́ńbẹ́lú rí ló mọ adùn rẹ̀.

Àfi Sátidé kan tí ó dé tí ojú rẹ̀ pọ́n. Kò tiẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní àwọn tó ń ka ìtàn òun ń sá lọ, pé ó ti sú wọn, pé wọ́n ti máa ń mọ̀ pé akọni máa borí kó tó dìde rárá. Ó ní, "Tí irun yìí bá ti parí, mo ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́."

Mi ò fẹ́ kó pa á rẹ́. Kì í ṣe torí akọni o. Bí kò bá sí ìtàn mọ́, kí ni á máa wá jókòó ṣe lọ́dọ̀ mi? Àwọn onírun kún ìtòsí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọwọ́ wọn sì yá ju tèmi lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì í wẹ́wẹ́, kó lè pẹ́.

"Mọ́mì, mo ní ńlá-ńlá ni mo fẹ́."

"Dákẹ́. Ta ló bí orí?"

Mo wá bi í léèrè kí ni akọni rẹ̀ ń wá kiri gan-an. Ó ní agbára. Mo ní, "Ó ti ní in. Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Ó tún ṣí fóònù rẹ̀. Mo ní, "Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Agbára ẹ̀ kọ́ ló sú àwọn èèyàn. Ẹni tí ebi ò pa, ta ló fẹ́ jókòó wò ó bó ṣe ń jẹun? Fún un ní nǹkan tí ẹ̀ṣẹ́ ò lè gbà."

"Bíi kí ni?"

"Ó lè ti òkè wó. Ṣé ó lè wọ ilé ìyá ẹ̀?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ náà padà wá bá èmi fúnra mi. Oyún ọmọ yìí ni mo ní níbí nígbà tí ìyá mi kú nílé, ní Nàìjíríà. Ìwé mi kò tíì jáde. Bí mo bá lọ, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ orin ìsìnkú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọbìnrin tó bá dé lẹ́yìn ikú ìyá àgbà la sọ ọ́. "Ìyá mi" ni mo sì ń pè é títí dòní.

Ó ti tẹ orí ba, ó ń tẹ fóònù. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Akọni kúrò nílùú òṣùpá méjì, ó fọ́ gbogbo ẹnubodè, ó dé Rosettenville, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá rí i, ó di àwátì. Ó na ọwọ́ tó fi ti òkè wó, kò lè kan ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló kà á dé.

"Mọ́mì, kí ni ìyá ẹ̀ máa sọ? Tó bá jẹ́ ìyá tiyín ló wà lẹ́nu ọ̀nà, kí lẹ máa sọ fún wọn?"

Mo rò pé ẹkún ni màá sun. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Màá ní kí wọ́n jókòó, kí n bá wọn dirun. Kò sẹ́ni tó ń fi irun àbọ̀ jáde nílé. Títí màá fi dì í tán, wọn ò ní lè lọ."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sórí, ó ń fọwọ́ kan àwọn irun wẹ́wẹ́ tí mo ti dì, díẹ̀díẹ̀, láti iwájú dé ìpàkọ́. Kò pa nǹkan kan rẹ́. Ó sọ fóònù sínú báàgì, ó sún sẹ́yìn, ó fi èjìká ti orúnkún mi.

Ó ní, "Ó dáa, Mọ́mì. Mo ti jókòó."