Òpópó Tí Kọ̀ǹpútà Ò Fẹ́ Fọwọ́ Kàn

Ẹ̀yin ò sí ní ọ́fíìsì omi lọ́jọ́ Ẹtì náà. Ẹ ò bá rí ìjà!

Ìyá Máàpù ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é, torí òun ló ń ya máàpù ibi tí páìpù omi máa gbà. Obìnrin kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ò kéré rárá. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nídìí iṣẹ́ yẹn, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó dẹ́rù bà á rí.

Lọ́jọ́ yẹn, òpópó kan ṣoṣo ló kù kó yà, òpópó tí màmá ẹ̀ ń gbé. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa gba máàpù lọ́wọ́ ẹ̀. Òpópó tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà náà, omi ẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Màmá sì rèé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, orúnkún ń dùn ún, ó ṣì ń gbé omi gun òkè láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dun ọmọ ẹ̀ wọra.

Kọ̀ǹpútà ní òun ò gbọ́. Bí Ìyá Máàpù bá ti fọwọ́ kan ìlà òpópó yẹn, ojú ẹ̀rọ á funfun báláú, gbogbo ẹ̀ á gan. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó gan. Ó ti gbogbo nǹkan mìíràn tó ṣí, bóyá iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó tún gan. Ó kó iṣẹ́ náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò, ó kó o sínú tiẹ̀. Òpópó yòókù ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi ti màmá.

“Kí ni màmá mi fi ṣe ẹ́ gan-an?” ló jágbe mọ́ ọn.

Aago méjì àbọ̀, fóònù dún. Màmá ni.

“Ṣé ilé mi ti wọ inú máàpù?”

“Màámi, ẹ̀rọ ò gbà. Tí mo bá ti dé iwájú ilé yín, ńṣe ló ń dákú.”

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń fa àwòrán náà súnmọ́ra, kò fọwọ́ kan ìlà. Háà! Ìlà tó ń bọ̀ tààrà dé ẹnu ọ̀nà màmá, ó wá lọ́ pọ̀ bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Ìlà tó yẹ kó ní ogún àmì ibi tí ẹsẹ̀ gbà péré, àmì ara ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n!

“Màámi, ta ló wá ń yípo níwájú ilé yín?”

Màmá bú sẹ́rìn-ín. “Àbí ọ̀gbẹ́ni onífìlà pupa yẹn? Ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀, wọ́n pè é lórí fóònù pé ọmọ ẹ̀ obìnrin bímọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń wá ọmọ! Ló bá kijó mọ́lẹ̀. Ó fa èmi náà wọ̀ ọ́. Wákàtí kan gbáko la fi jó!”

Ìyá Máàpù yíjú sí tábìlì kejì. Bàbá Awọnlẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹni tó máa ń rin òpópó kiri pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gba ìrìn ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún máàpù. Àpò àyà ló ń fi í sí, ó sì máa ń fọ́nnu pé òun kì í pa á títí iṣẹ́ á fi parí. Fìlà pupa wà lórí ẹ̀.

“Bàbá! Ijó yín ló ń pa kọ̀ǹpútà mi!”

“Jọ̀ọ́, ọmọ mi,” ni bàbá fi ẹ̀rín sọ, “inú mi ló dùn.”

Ìyá Máàpù ní kí ẹ̀rọ ya ìlà tuntun látinú ti bàbá, kó máa mú àmì kan ní mítà márùn-ún márùn-ún, kó fi ìyókù sílẹ̀. Ó yọ ti àkọ́kọ́ sọnù. Ó di ìlà tuntun mú, ó fà á. Ó tẹ̀lé e! Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, máàpù ti lọ. Inú ẹ̀ dùn débi pé omijé bọ́ lójú ẹ̀. Bàbá ti dìde, ó fẹ́ jó.

“Bàbá, ẹ kọ́kọ́ pa kiní àpò yín ná!”

Ìyá Máàpù pe màmá padà. “Màámi, ilé yín ti wọlé.”

Ìró ẹsẹ̀ ló ń gbọ́ lórí fóònù, gbì, gbì, gbì.

“Màámi! Orúnkún yín o!”

“Orúnkún tí ò ní gbé omi gòkè mọ́,” ni màmá wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, “kí lo fẹ́ kó máa ṣe?”