Kí Ọmọ Náà Tó Kí Mi

Mi ò fẹ́ràn èdè Sípéènì. Kí n sọ èyí ná kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìfẹ́ ẹ̀kọ́ ló gbé mi dé ìdí rẹ̀. Ìbínú ló gbé mi débẹ̀.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ló lọ sí Sípéènì, ó lọ́kọ níbẹ̀, ó sì bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè bàbá rẹ̀ nìkan ló ń sọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìyá rẹ̀ máa ń fi fídíò pè mí, èmi á sì máa ké oríkì ọmọ náà láti ìsọ̀ mi ní Ṣàngó Ọ̀tà. Mo máa ń pariwo gidi, torí pé bí èèyàn kò bá pariwo, àwọn tírélà tó ń lọ sí Abẹ́òkúta á gbé ohùn rẹ̀ lọ. Ọmọ náà á bú sẹ́kún. Títí ó fi di ọjọ́ kan tí ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé, "Dádì, ẹ̀rù yín ń bà á. Bó bá tún sunkún, mi ò ní fipá mú un wá sídìí fóònù mọ́ o."

Ẹ̀rù mi! Èmi tí mo fi iṣẹ́ wẹ́dà rán ìyá rẹ̀ níléèwé títí ó fi jáde ní yunifásítì. Inú bí mi gidi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ọmọ yẹn bá ti kúrò nídìí fóònù, ó parí nìyẹn. Á dàgbà, wọ́n á sọ fún un lọ́jọ́ kan pé bàbá ìyá rẹ̀ kú ní Ọ̀tà, á sì béèrè pé ta nìyẹn.

Obìnrin kan wà tó ń ta ẹja yìnyín ní ìsọ̀ tó kángun sí tèmi. Ó ti gbé Sípéènì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀, kó tó padà wálé. Èmi àti rẹ̀ kò rẹ́ rárá. Omi ẹja rẹ̀ ń ṣàn wá síwájú ìsọ̀ mi, iná irin mi ń ta sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lára. Bí a ṣe ń bú ara wa láàárọ̀ la ń bú ara wa nírọ̀lẹ́. Òun náà ni mo wá ní láti lọ bẹ̀. Mo tún ilẹ̀kùn irin ìsọ̀ rẹ̀ tó ti wọ́ jó pọ̀ fún un, mo ní kó fi ẹ̀kọ́ èdè ọ̀hún san án fún mi.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Wẹ́dà! Ẹ̀yin náà wá mi wá?"

Ọ̀sán la máa ń kọ́ ọ, bí iná bá ti lọ. Òun á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, èmi á jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ nínú ìsọ̀ ara mi. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí irin ni mo fi ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sára páànù. "Buenos días," ẹ káàárọ̀. "Gracias," ẹ ṣé. "Agua," omi. "Ven," máa bọ̀. "Abuelo," bàbá àgbà. Ó ní "hola" ni wọ́n fi ń kí ara wọn, pé "h" wà níwájú rẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kì í pè é. Mo béèrè pé kí ló wá ń ṣe níbẹ̀. Ó ní kí n má bá òun jà, òun kọ́ ló fi í síbẹ̀. Mo wo "h" náà lára páànù, ó jókòó gelete bí ọ̀gá tí kì í ṣiṣẹ́.

Èyí tó burú jù ni ọ̀rọ̀ ajá. "Perro" ni wọ́n ń pe ajá, a sì gbọ́dọ̀ gbọn ahọ́n nínú rẹ̀. "Ahọ́n yín kò gbọ̀n," ni obìnrin yìí ń wí ṣáá. Mo gbọ̀n ọ́n títí itọ́ fi ta sí i lára. Jẹnẹrétọ̀ mi tó máa ń kùn tó ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n pè jù mí lọ. "Ẹ fi ahọ́n kan òkè ẹnu, ẹ má fi ọ̀fun pè é, Bàbá, àbí ẹ fẹ́ bì ni?" Mo bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ òun ni.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yìn mí, èébú ló sì fi yìn mí. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ó sì mọ̀. "Àwọn Sípéènì náà kò ní 'ṣ' lẹ́nu," ló wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ 'isu,' tẹ́ ẹ̀ ń se 'isẹ́.' Ọlọ́run ti dá ahọ́n yín sílẹ̀ fún un látọjọ́ yìí." Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ń kọ̀wé lọ.

Mo fi ìbínú kọ́ ọ. Bí mo bá ń jó irin, mo ń pè é lẹ́yìn gíláàsì dúdú mi. "Dónde está?" níbo ló wà? "Habla," ó ń sọ̀rọ̀, òun náà ní "h" ọ̀lẹ tiẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó máa ń dúró lẹ́nu títì rò pé ọfọ̀ ni mò ń pè, wọ́n sì sún gáreejì wọn síwájú díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú dé. Mo wẹ̀, mo wọ bùbá funfun, mo dé fìlà. Fóònù dún. Ọmọ náà jókòó lórí àga, ó ń wò mí. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Mo dúró. Ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

"Dádì, ẹ bá a sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ ní ẹ ti kọ́ nǹkan kan."

"Ó ti kí mi ni?"

"Háà, Dádì! Kò mọ̀ pé òun ló yẹ kó kọ́kọ́ kí yín. Níbí, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹnìkejì ló ń kí i."

"Èmi ni kí n kí ọmọ ọdún márùn-ún? Ìwọ, ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà? Èmi kọ́? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà."

"Ilé wo ló fẹ́ tà, Dádì? Ọmọ ọdún márùn-ún!"

A sọ ọ́ títí ohùn wa fi ròkè. Ọmọ náà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó ti bá tiẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ pa fóònù. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò pè. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, kò pè.

Ẹlẹ́ja kò jẹ́ kí n sinmi. "Ẹ ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ẹ wá ń dúró de ìkúnlẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ o, Bàbá Wẹ́dà."

"Orí ọmọ náà kò wọ́. Ti ìyá rẹ̀ ló wọ́. Ìwọ, nígbà tó o wà lọ́hùn-ún, ṣé o máa ń kí ọmọdé?"

"Ajá wọn gan-an, mo máa ń kí i," ló wí, "kí wọ́n má baà lé mi níṣẹ́." Ó padà sídìí ẹja àti ọ̀bẹ rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò gbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò ní bọ́jú láàárọ̀ kí n tó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ẹni tó jù mí lọ ní agboolé wa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tó jẹ́ bàbá mi àti ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá kọ́kọ́ kí ọmọ yẹn, ta ni mo máa jẹ́ lójú rẹ̀? Bàbá kan tó máa ń yọjú nínú fóònù ìyá rẹ̀ ni. Mi ò pè wọ́n, mo ń jó irin mi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ ni fóònù ṣàdédé dún. Èéfín ló kún ojú mi, aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn mi. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ kàn máa wò." Ó gbé fóònù náà ti nǹkan kan lórí tábìlì. Ọmọ náà wá dúró síwájú rẹ̀ nínú aṣọ pupa. Lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò rí i mọ́. Ògiri funfun nìkan ló kù nínú fóònù.

Ó tún ti sá lọ. Mo gbàgbé àgbà, mo gbàgbé ta ló yẹ kó kí ta.

"Dónde está?" Mo pariwo. "Dónde está? Ven! Ven!"

Ẹlẹ́ja sáré jáde tòun ti ọ̀bẹ lọ́wọ́. Nínú fóònù, ọmọ mi ń ké pé, "Dádì, ó kúnlẹ̀ ni! Ìsàlẹ̀ ló wà! Ó ń kí yín!" Mo wá gbọ́ ohùn kékeré kan lábẹ́ tábìlì: "Ẹ káàsán, Bàbá." Ìrọ̀lẹ́ ni, ẹ káàsán kọ́, kò sì pe ìdajì rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn náà ni irun orí rẹ̀ yọ, lẹ́yìn náà iwájú orí, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ méjèèjì. Kò sunkún. Ó lanu, ó ń wò mí, ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Mamá, habla! El abuelo habla!"

Bàbá àgbà ń sọ̀rọ̀. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi, àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lára páànù lẹ́yìn mi. Gbogbo oríkì tí mo ti ń ké sí i látọjọ́ yìí, ariwo lásán ló jẹ́ létí rẹ̀. Èmi tí ohùn mi ń borí jẹnẹrétọ̀, ọmọ ọmọ mi ti rò pé odi ni mí.

Inú bí mi, mo ní kí ẹlẹ́ja bá mi di fóònù náà mú kí n lè máa ka ọ̀rọ̀ ara páànù fún ọmọ náà. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ pa fóònù.