Bí Mo Ṣe Pa Ọrun Onípúlì Lẹ́nu Mọ́

Ẹ sún mọ́ mi níbí, ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tó bá ní ìkòkò lórí iná, kó dín iná rẹ̀ kù, torí ọ̀rọ̀ mi kò níí tètè tán. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe fi ìgbà òjò kan gbáko bá ọrun kan fà á. Ọrun náà kò kọ̀ láti ta ọfà o. Ariwo rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo ṣe dàgbà. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kudenda, ní ìlú Kaduna, ni mo wà, èmi ni mo máa ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe. Ẹni tí kò wọ ibẹ̀ rí kò lè mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn ẹ̀rọ náà lọ súà, gbogbo wọn á sì máa sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá fẹ́ bá ẹnìkejì rẹ sọ̀rọ̀, àfi kí o fi ẹnu kan etí rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ẹnjiníà òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ló bá fa ọrun kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ló fi ń dẹ ìgbẹ́ nílùú òun. Irin ni àárín rẹ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì kúrú, púlì kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọṣán àti wáyà wá lọ́ mọ́ àwọn púlì náà bí ìfun. Tí o bá ń fà á, yóò kọ́kọ́ le bí ẹni pé o ń fa igi tu. Bó bá kọjá ìdajì, á rọ̀ wẹ́rẹ́, wàá sì lè dá a dúró kí o fọkàn balẹ̀ wo ibi tí o fẹ́ ta á sí.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́, ìyàwó mi ló gbé ilé dúró. Àkàrà ló ń dín ní gáréèjì àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television, kosai ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é. A rí ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn Kudenda, a gbin ẹ̀wà síbẹ̀ kó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wà rírà. Ẹ̀wà yẹn ló máa di àkàrà, àkàrà yẹn la ó sì máa jẹ. Ẹ̀wà náà hù dáadáa. Àfi bí ẹtu méjì ṣe rí i, akọ kan àti abo kan. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni wọ́n fẹ́ràn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, apá kan oko náà ti pá bí orí mi yìí. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ bẹ́ẹ̀, kò níí sí ẹ̀wà kankan tí a ó ká.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò yá ìbọn. Ní Kaduna wa? Lẹ́yìn gbogbo ìjà tí ojú wa ti rí? Bí ìbọn bá dún lápá ibẹ̀ láàárọ̀, títí dé Trikania làwọn ìyá á ti máa wọ́ ọmọ wọlé, tí ṣọ́ọ̀bù á máa tì gbàgà gbàgà. N kò lè torí ewé ẹ̀wà da ìlú rú. Tàkúté ńkọ́? Ewúrẹ́ àwọn ará àdúgbò ló máa kó sí i. Ó wá ku ọrun òyìnbó.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo lúgọ sẹ́yìn igi máńgòrò kan. Akọ ẹtu jáde, ó ń jẹ ewé. Mo fa ọrun, mo wò ó dáadáa, mo tú u sílẹ̀. Ọfà gba òkè ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kejì mo wò ó sísàlẹ̀ díẹ̀, òkè náà ló tún gbà. Ọjọ́ kẹta, bákan náà.

Bàbá ọdẹ kan wà, ẹ̀yà Gbàgyí ni, oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Ọrun igi ló ń lò láti kékeré. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi lọ́hùn-ún, ó ń fi mí ṣèran wò. Haúsá la jọ máa ń sọ.

“Malam,” ó ní, “ọrun rẹ lẹ́kọ̀ọ́ ilé gan-an. Ó máa ń kí ẹran kí ọfà tó dé. Sannu, ẹtu! Ẹtu náà á wá dọ̀bálẹ̀ láti jẹ́ ẹ, ọfà á sì gba orí rẹ̀ kọjá.”

“Baba, kíkí wo? N kò gbọ́ nǹkan kan.”

“O ò gbọ́ gbàù yẹn?”

“Rárá.”

“Haba!” Ó wo ojú mi bóyá eré ni mò ń ṣe.

Mo sọ fún ìyàwó mi nílé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. “Bàbá Àwọn Ọmọ, ẹ̀yin tí mo ń kígbe pè wá jẹun títí ọbẹ̀ á fi tutù! Ẹ̀rọ ti jẹ etí yín tán. Ìgbà tí ẹ ta nǹkan yẹn lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́sí, adìyẹ ilé kejì fi ẹyin tó ń sàba lé sílẹ̀, ó sá lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, n kò níí purọ́. N kò mọ̀ pé etí mi ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo rò ó. Ẹran gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọfà kọjá. Ojú mi kò lẹ́bi. Ariwo ni mo ní láti pa, bí èmi alára kò tilẹ̀ lè gbọ́ ọ. Mo ní màá pa á.

Níbẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe kan tó jẹ́ pé àwa ará ilé iṣẹ́ aṣọ nìkan la lè ṣe é. Bí a bá tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe tán, a kì í fi òwú sí i lẹ́sẹ̀kan náà. A ó kọ́kọ́ jẹ́ kó sáré lófìfo, ká lè mọ ibi tó ti ń dún. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé ọrun, n kò fi ọfà sí i, mo fà á tán, mo tú u sílẹ̀, ìyàwó mi ń fetí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọrun náà ta pọ́ún lọ́wọ́ mi. Ọṣán yọ kúrò nínú púlì, ó nà mí lápá, ẹ̀jẹ̀ yọ, wáyà lọ́ mọ́ra.

Ìyàwó mi wá so apá náà fún mi. Ó wo ọrun nílẹ̀. “Ó ti dákẹ́ lóòótọ́,” ó ní.

Nígbà tí bàbá ọdẹ gbọ́, kò rẹ́rìn-ín rárá. “O tú u sílẹ̀ láìsí ọfà? Ta lo fẹ́ kó gba agbára yẹn lọ? Ọrun náà ló padà sí lára. Ọpẹ́ ni pé kò fọ́ sí ọ lójú.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Ọfà ló yẹ kó gbé agbára ọrun lọ. Èyí tí kò bá gbé lọ, inú ọrun ló máa kù sí. Òun ló ń gbọn irin, òun ló ń dún. Ohun tó ń gbọ̀n ni kí n máa wá. Ìyẹn sì ni iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà èwe mi.

Mo kọ́kọ́ mú òwú rírọ̀, mo fi nu apá ọrun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ti sán níbì kan, ibẹ̀ á fa òwú. Kò fà á. Lẹ́yìn náà mo lọ bá wẹ́dà kan ní Television, ó jó irin pọ̀ fún mi bí férémù ẹnu ọ̀nà, a fi jáàkì mọ́tò sínú rẹ̀. Jáàkì yẹn ló tẹ apá ọrun méjèèjì wálẹ̀ títí wáyà fi dẹ̀, tí mo fi rí ọṣán dá padà sínú púlì. Òwú tí wọ́n wé mọ́ ọṣán ti já, mo tún un wé. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń ṣe èyí, àwọn ẹtu ń jẹun wọn lọ, ìyàwó mi sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀wà ní múdù lọ́wọ́ àwọn Haúsá. Kò bá mi wí. Ó kàn máa ń gbé àpò náà kalẹ̀ níwájú mi.

Nílé iṣẹ́, ọgbọ́n kan wà tí a fi ń mọ ohun tó ń gbọ̀n láàárín ariwo. A ó fi ẹnu súkúrúdíráfà kan ara ẹ̀rọ, a ó fi èèkù rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí. Egungun á gbọ́ ohun tí etí kò gbọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọrun náà, ìyàwó mi ń fi ìka ta ọṣán rẹ̀ jẹ́jẹ́. Níbi irin kékeré tí a fi ń wo ibi tí a fẹ́ ta ọfà sí, ó ń dún jìn-ìn-ìn bí eṣinṣin inú ìgò. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti tú. Mo dè é. Mo gé rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ sábẹ́ irin náà kí irin má bàa kan irin. Ibi tí a máa ń gbé ọfà lé, mo lẹ aṣọ tó ki mọ́ ọn, torí ọfà ń ha irin ibẹ̀ bí a bá ń fà á. Mo fi ìda oyin pa ọṣán.

Ó wá ku ọṣán fúnra rẹ̀. Mo so ìdì òwú híhun méjì mọ́ ọn, kó máa gba gbígbọ̀n rẹ̀. Àárín ni mo kọ́kọ́ so wọ́n mọ́, nítòsí ibi tí ọfà ń jókòó sí. Ọfà jáde bí ẹni tó ń ṣàìsàn, ó gún ilẹ̀ níwájú mi. Mo sún ọ̀kan sókè, mo sún èkejì sísàlẹ̀, ọfà sàn díẹ̀. Mo tún sún wọn, títí wọ́n fi sún mọ́ púlì lápá méjèèjì. Ọfà padà ní agbára.

Ìyàwó mi ni etí mi. Á jókòó sẹ́yìn ilé tí a kò tíì kọ́ tán, á kọ ẹ̀yìn sí mi, á máa bó ẹ̀wà nínú ọpọ́n, èmi á máa ta ọfà sí àpò iyanrìn.

“Mo gbọ́!”

Màá tún nǹkan kan ṣe.

“Mo ṣì gbọ́! Ó dà bí ìgbà tí èèyàn pàtẹ́wọ́.”

Lọ́jọ́ kejì: “Ó ti dà bí ìgbà tí ìwé jábọ́.”

Ibẹ̀ ló dúró sí. Ìwé tó jábọ́, ẹtu á gbọ́ ọ. Mo lọ bá bàbá ọdẹ, mo ní nǹkan tún kù. Ó gbé ọfà mi lé ìka, ó mi orí. “Ó fúyẹ́ jù. Òyìnbó fẹ́ kó yára, èmi fẹ́ kó dé.” Ó fún mi ní orí ọfà onírin mẹ́ta tí alágbẹ̀dẹ rọ, wọ́n wúwo. Ó tún lu ọwọ́ òsì mi. “Má fún ọrun lọ́rùn. Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, ọrun náà á gbọ̀n. Jẹ́ kó kàn sinmi lé àtẹ́lẹwọ́.”

Mo padà sílé, mo fi ọ̀kan nínú wọn sẹ́nu ọfà, mo ta á lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́kẹ́ pa. Mo dúró.

“Bàbá Àwọn Ọmọ, ẹ ta á jàre, mo fẹ́ lọ lọ ẹ̀wà mi!”

“Mo ti ta á.”

“Nígbà wo?”

Ẹ̀wà ti ń yọ òdòdó nígbà yẹn. Bí wọ́n bá jẹ òdòdó, ó parí. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, èmi àti bàbá ọdẹ lúgọ. Akọ ló kọ́kọ́ jáde, abo tẹ̀ lé e. Mo fa ọrun, mo dá a dúró títí ó fi fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí, mo tú u sílẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ẹtu náà kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọfà wọ ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó ṣubú, abo ṣì ń jẹ ewé. Bàbá ọdẹ di apá mi mú, ó ń mì mí. Ìgbà tí a dìde ni abo tó sá wọ igbó, kò sì padà wá lọ́dún náà. Itan kan lọ sọ́dọ̀ bàbá ọdẹ, bó ṣe yẹ.

A ká ẹ̀wà. Kò tó bí a ṣe rò nígbà tí a ń gbìn ín, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò ra múdù kan títí ọyẹ́ fi dé.

Wọ́n ti kọ́ ilé bo ilẹ̀ yẹn báyìí, èjìká mi kò sì lè fa ọrun mọ́. Ọmọbìnrin wa àgbà, tó jẹ́ tíṣà eré ìdárayá, ló ni ọrun náà nísinsìnyí. Pátákó ló ń ta ọfà sí. Férémù jáàkì wà lọ́wọ́ wẹ́dà, ó ń fi í tẹ sípíríǹgì mọ́tò. Bàbá ọdẹ ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló jogún ọrun igi, mo sì dá orí ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún un. Irúgbìn ẹ̀wà náà wà lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó mi, ó ń gbìn ín lọ́dọọdún.