Ẹranko Eléyín Ọ̀bẹ Tí Ọkọ Mi Fi Amọ̀ Mọ

Òórùn amọ̀ tútù ni ó máa ń gbé mi padà sí Ṣakí. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá kan ilẹ̀ gbígbẹ báyìí, tí òórùn náà sì wọlé tọ̀ mí wá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a háyà nígbà náà ni ọkàn mi máa ń lọ. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a fi pọ́n-ùn sílẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mí. Tíṣà ni ọkọ mi, ó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì nípa ẹ̀dá abẹ̀mí. Èmi, ọmọ ahunṣọ láti Ìsẹ́yìn, mo ń ránṣọ. Mo ti rò ó lọ́kàn pé bí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò jókòó tì mí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, a ó jọ máa tàkúrọ̀sọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, bó bá ti bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ sílẹ̀, orí àpótí ni yóò jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, yóò sì máa fi amọ̀ mọ orí ẹranko kan tí ojú mi kò rí rí.

Orí náà jọ ti kìnnìún, ṣùgbọ́n eyín òkè rẹ̀ méjì yọ jáde, wọ́n gùn, wọ́n sì mú bí ọ̀bẹ alápatà. Inú ìwé kan ni ó ti rí àwòrán rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, irú ẹran wo nìyí?"

Ó ní, "Kò sí mọ́ láyé. Ó ti tán pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé kan sí Ṣakí yìí. Egungun rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wú nílẹ̀, níhìn-ín nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti lókè òkun."

Ẹ wo irú ọkọ tí mo fẹ́! Nígbà tí mo délé lọ́dún iléyá, mo sọ fún ìyá mi pé mo ti ní orogún, ó léyín gígùn, ó sì ti kú. Ìyá mi ní orogún tó ti kú ló dára jù, kí n lọ fọkàn balẹ̀. Mo bínú nígbà náà. Ọmọdé ni mí, n kò mọ̀ pé inú dídùn ni mo wà.

Èrò mi ni pé baba kìnnìún ni ẹranko náà. Ọkọ mi ní rárá. Lọ́jọ́ kan tí a jẹun ọ̀sán tán, ó fa òwú kan yọ nínú agbọ̀n mi, ó sì tú orí rẹ̀ sí ẹ̀ka méjì. Ó ní, "Wo ìdí òwú yìí. Baba ńlá gbogbo wọn nìyẹn. Ilé méjì ló pín sí. Ilé kan ni eléyín ọ̀bẹ àti àwọn ẹbí rẹ̀. Ilé kejì ni kìnnìún, ẹkùn, àti ológbò tó ń sùn lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ yẹn."

"Ológbò wa yìí?"

"Òun náà. Ìbátan ológbò yẹn sí kìnnìún súnmọ́ ju ìbátan kìnnìún sí ẹranko yìí lọ. Má wo ti eyín, má wo ti títóbi. Ibi tí òwú ti yà ni kí o wò."

Mo rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí mi. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fún ológbò náà ní odidi orí ẹja kan, nítorí a kì í mọ ọmọ ẹni tí ẹnìkan ń ṣe.

"Àwọn ọmọ eléyín ọ̀bẹ ńkọ́? Níbo ni wọ́n wà?"

Ó mú ẹ̀ka òwú kan, ó fi àlùmágàjí mi gé e. "Kò sí. Ilé tiwọn ti tì pa. Kò bí kìnnìún, kò bí ẹkùn. Ìbátan wọn ni, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dá kan láyé lónìí tó lè pè é ní baba."

Ọdẹ arúgbó kan tó ń bọ̀ láti apá Ìjió máa ń dúró mu omi lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó rí orí amọ̀ náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì ní baba baba òun rí kìnnìún nínú pápá wa níbí, òun kò rí i rí. Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ọkọ mi ní, "Ṣé o rí i? Ilé tó ṣẹ́kù náà ti ń tú."

Òjò ń rọ̀ ní ọjọ́ tí mo bí ọmọ wa obìnrin. Ìyá ọkọ mi wá láti Ìlerò láti wá wẹ̀ ẹ́. Obìnrin gíga kan tí kì í pariwo ni, ọkọ mi nìkan ló bí tó yè. Ó fẹ́ràn ọmọ náà bí ẹni pé ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì rìn dáadáa tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Bí ọyẹ́ bá dé, tí wọ́n bá ń sun pápá, tí èéfín bo gbogbo ìlú, oríkèé ara rẹ̀ yóò máa ro ó, yóò máa ké, ojú rẹ̀ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo tuntun. Ìyá ọkọ mi wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Mo ti rí irú èyí rí, ìyàwó. Àbíkú ni." Ó ra ṣaworo wá, ó ní ká so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ọkọ mi gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n fa ti àwa méjèèjì. Nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀, n kò lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ojú ọkọ mi. Ohun tó ń ya sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún ni. Nígbà tí a jáde, ó dì mí lọ́wọ́ mú lójú gbogbo ayé, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní fòníkúfọ̀ladìde ni, pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, pé èmi gbé ìdajì wá láti Ìsẹ́yìn, òun gbé ìdajì wá láti Ìlerò, kò sì sí èyí tó ń dun ẹnikẹ́ni nínú wa títí a fi pàdé. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù oyún bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó dá wọn lóhùn pé òun kò ráyè.

Ọmọ náà dàgbà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lẹ́nu. Kò bẹ̀rù eléyín ọ̀bẹ bíi ti àwọn ọmọ ilé. Ó máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á ní kó gé òun jẹ bó bá tó bẹ́ẹ̀. Bí ara bá ń ro ó, á ní ká gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní òun. Ní àárọ̀ kan tí ìrora náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ń fi òróró para fún un lórúnkún, mo gbọ́ tó ń bi í pé:

"Bàámi, kí ló dé tí gbogbo wọn fi kú?"

"Ẹran ńlá tí wọ́n ń pa jẹ ló dínkù. Ilẹ̀ yí padà, ojú ọjọ́ náà yí padà. Èyí tó kù, a kò mọ̀."

"Ṣé wọ́n ṣe nǹkan tí kò dáa ni?"

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ dúró lórí orúnkún náà. "Rárá, ìyá mi. Wọn kò ṣe nǹkan kan."

"Kò sẹ́ni tó bá wọn wí?"

"Kò sẹ́ni tó bá wọn wí."

Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì béèrè ẹ̀kọ.

Ọyẹ́ ọdún tí ọmọ náà lé ní ọdún méje le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìyá ọkọ mi ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà jí, ó ní àyà ń dun òun, kò lè mí dáadáa. Mo pọ̀n ọ́n, ọkọ mi gbé wa sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn mi títí a fi dé ọsibítù, kúkurú kúkurú, bí ẹni tó ń sáré. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Àrùn là á wò, ẹnìkan kì í wo ikú. Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, ọmọ mi ti lọ.

A gbé e wálé. Àwọn aládùúgbò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú tí gbogbo wa mọ̀ ni, àwa náà ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn rí. Ṣùgbọ́n èmi àti ọkọ mi ti mọ ohun tó wà nínú agbè náà. Àfáà àdúgbò wa ti dé, wọ́n ń pọn omi tí wọn yóò fi wẹ òkú. Inú yàrá, èmi àti ìyá ọkọ mi nìkan la wà lọ́dọ̀ ọmọ. Ó fara balẹ̀ fọwọ́ pa á lórí. Lẹ́yìn náà, ó ní:

"Ìyàwó, bá mi mú abẹ fẹ́lẹ́ wá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, mà?"

"Etí rẹ̀ ni. Díẹ̀ báyìí ni. Kó má baà tún padà wá dá yín lóró."

Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe é, mo ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọmọ tèmi kọ́ ni mo rò. Bóyá mo ké, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ mi ti wọlé, ó sì ti kúnlẹ̀ sáàárín ìyá rẹ̀ àti ọmọ náà.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má gé e."

"Ìwọ lo kàwé. Èmi ni mo sìnkú ọmọ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ti ọ̀run wá fi wá ṣẹ̀sín. Ara wa ló ti gba àrùn náà, lára mi àti lára ìyàwó mi. Èmi náà, ara yín ni mo ti gbà á, tàbí ara bàbá mi. Bí òwú ni. Kò yàn án. Kò ṣe nǹkan kan."

Ìyá ọkọ mi wò ó, ó wò ó títí. Ariwo àwọn tó wà níta ń wọlé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Àwọn tèmi ńkọ́?"

"Àwọn wo, ìyá mi?"

"Àwọn mẹ́rin tó ṣáájú rẹ. Ọwọ́ wọn wú bẹ́ẹ̀. Ojú wọn pọ́n bẹ́ẹ̀."

Mo rí i pé ọkọ mi ìbá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ṣùgbọ́n kò mọ irọ́ pa fún ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun kan náà ni."

"A gé wọn," ni ìyá ọkọ mi wí. "Gbogbo wọn la gé. Èyí ìkẹta, èmi fúnra mi ni mo di orí rẹ̀ mú. Wọ́n ní kí n gbójú kúrò, n kò gbójú kúrò, nítorí inú ń bí mi sí i." Ó fọwọ́ kan etí ọmọ náà. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọn kò ṣe nǹkan kan."

"Wọn kò ṣe nǹkan kan, ìyá mi."

Obìnrin gíga náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ jọ bí ọmọdébìnrin. Kò pariwo ẹkún. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀ ni. Àfáà yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwa mẹ́ta, kò sì bi wá léèrè ohunkóhun. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wẹ̀ ẹ́, oòrùn ń lọ." Ìyá ọkọ mi ló bu omi àkọ́kọ́ sí i lára. A sin ín bó ṣe wà, kò sí àpá kan lára rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Nígbà tí àwọn ọkùnrin padà wálé, tí erùpẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọkọ mi, mo wò ó, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pe irú àwa.

Ọkọ mi gbé orí amọ̀ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kò sì mú un wálé mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé bó bá ń kọ́ wọn ní ìran kìnnìún àti ológbò, tó dé ibi ẹ̀ka tó gé, yóò gbọn ẹfun ọwọ́ rẹ̀ nù, yóò sì jáde lọ dúró lábẹ́ igi ẹ̀mí títí agogo yóò fi lù. Wọ́n rò pé àárẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú náà, àfáà wá ṣàdúrà fún ọmọ wa. Bó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyá ọkọ mi sún síwájú lórí ẹní. Ó ní, "Àfáà, ẹ bá mi dárúkọ àwọn tèmi náà mọ́ ọn."

Àfáà ní, "Kí ni orúkọ wọn, ìyá?"

Ọkọ mi mọ orúkọ wọn, gbogbo ìdílé ló mọ̀ ọ́n: Kòsọ́kọ́, Ààtàn, àti irú wọn, orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n fi ń lé ọmọ, tí wọ́n fi ń sọ fún un pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ọkọ mi la ẹnu láti bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Wọ́n ní oríkì. Mo sọ wọ́n ní oríkì ní ọjọ́ tí mo bí wọn. N kò fi pè wọ́n rí ni. Mo bẹ̀rù kí n má lọ fẹ́ràn wọn jù."

Ó wá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun. Àjàní. Àṣàkẹ́. Àlàó. Àbẹ̀kẹ́. Bó bá ti pe ọ̀kan, àfáà yóò tún un pè sínú àdúrà, àwa yóò sì ṣe àmín.

Ìyá ọkọ mi ti kú tipẹ́. Ọkọ mi náà ti lọ, Ọlọ́run ò fún wa ní ọmọ mìíràn, àwa náà kò sì béèrè kíkankíkan. Mo ti padà sí Ìsẹ́yìn, láàárín àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí a tó so yìgì, inú mi sì ń dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹnìkan bá bi mí bóyá ǹ bá fẹ́ ọkọ mi ká ní mo ti mọ̀, n kò ní lè dá a lóhùn. Bí mo bá rò pé rárá, mo máa ń rántí ẹ̀rín ọmọ mi. Bí mo bá rò pé bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń rántí èémí rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Èmi nìkan ló ṣẹ́kù báyìí tó mọ oríkì àwọn márààrún, àwọn mẹ́rin náà àti ọmọ mi. Bí mo bá kírun àárọ̀ tán, kí n tó dìde lórí ẹní, mo máa ń pè wọ́n ní ohùn rara, kí ọ̀kan má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.