Kíláàsì Àríyànjiyàn Solveig Brandvold

Solveig Brandvold, aládùúgbò mi, tín-ín-rín bí ọ̀pá ìgbálẹ̀ ni, àmọ́ bó bá sín, eérú inú ààrò mi á fò sókè. Láti ìgbà tí irun orí mi ṣì pé ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wa ní Minnesota bí wọ́n ṣe ń jiyàn láìjà. Òfin kan ló ní: o ò gbọdọ̀ dá ẹnìkejì lóhùn àfi tó o bá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, tí òun fúnra rẹ̀ sì ní, "Ohun tí mo sọ nìyẹn." Mo ti rí àwọn méjì tó bẹ̀rẹ̀ iyàn nígbà ooru, tí wọn ò tíì parí ẹ̀ títí yìnyín fi bò wọ́n mọ́ orí àga.

Dandan ni kíláàsì náà. Àfìgbà tí Wendell, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ ọmọ onímàlúù, ní kí wọ́n yọ dandan kúrò. Wọ́n pe gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì sí gbọ̀ngàn ìjẹun láti dìbò. Solveig mọ̀ pé bí dandan bá lọ, àga òfìfo lòun máa kọ́.

Wendell dìde. "Ẹ má bínú, mà. Tipátipá lẹ fi ń kọ́ wa ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ."

Solveig gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ kó tó fèsì. "O ní kíláàsì mi le jù."

"Rárá o, mà."

"O ní ó ń sú yín."

"Ó ń sú wa lóòótọ́, àmọ́ n kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Èmi tí mo wá mu kọfí ọ̀fẹ́ pariwo, "Solveig, òfin ẹ ti mú ẹ!"

"Torvald, gbájú mọ́ kọfí ẹ!"

Ó yíjú pa dà sí Wendell. "O ní ẹni tí wọ́n fipá mú jókòó kì í gbọ́ nǹkan kan. Nítorí máàkì, á máa sọ̀rọ̀ dídùn. Inú rẹ̀ á máa hó."

"Ohun tí mo sọ nìyẹn, mà. Ẹ tiẹ̀ sọ ọ́ dáadáa jù mí lọ."

Solveig sọ ọ́ dáadáa débi pé Wendell ló borí nínú ìbò náà. Ọwọ́ tó nà sókè pọ̀, mo rò pé wọ́n fẹ́ ṣí òrùlé ni. Solveig wé ìborùn rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ó ṣí kíláàsì. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó ti ń nu pátákó nígbà tí Wendell wọlé, yìnyín lára bàtà.

"Ta ló fipá mú ẹ wá?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Mo wá sọ pé kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀ ti yá jù."

Àwọn mẹ́wàá tẹ̀ lé e wọlé. Solveig ní méjì ni, àmọ́ èmi ni mò ń sọ ìtàn yìí.

Ó fa àga fún Wendell. "O ní aago mẹ́jọ ti yá jù..."